Ọmọ tó ní rẹfirí ń rẹ́ òun jẹ nínú fọ́ìlì: ohun tí ojú mi rí

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ ní ọmọkùnrin yín, ọmọ ọdún 15, ti ń fi fọ́ìlì, ọ̀kan nínú idà mẹ́ta tí a fi ń ṣe eré ìfidàjà tí à ń pè ní fẹ́ńsìn, díje ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, pé omijé ló fi ń ti ìdíje bọ̀, tí ó ń sọ pé rẹfirí ló rẹ́ òun jẹ, àti pé ó fẹ́ fi fọ́ìlì sílẹ̀ lọ sí épée, irú idà mìíràn nínú eré náà, níbi tí iná ẹ̀rọ tó ń ka àmì ti máa ń tàn tí àmì sì ń wọlé láìsí àríyànjiyàn. Ẹ wá bèèrè bóyá kí ẹ gbà fún un. Ọdún 16 ni mo fi díje nínú fọ́ìlì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọmọ ọdún 13 títí di ọmọ ọdún 29, mo sì fi mẹ́fà nínú ọdún wọ̀nyí sọ ohun kan náà tí ọmọ yín ń sọ.

Nínú fọ́ìlì, kí idà kan alátakò nìkan kò tó. Àyà, ikùn, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ni ibi tí àmì wà. Bí ṣóńṣó idà bá kan apá tàbí itan, iná funfun ni yóò tàn, ìjà yóò dúró, ẹnikẹ́ni kò sì ní gba nǹkan kan. Bí iná àwọn méjèèjì bá tàn pọ̀, rẹfirí ni yóò sọ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ìkọlù. Ẹni tó kọ́kọ́ na apá rẹ̀, tí ṣóńṣó idà rẹ̀ sì ń halẹ̀ mọ́ ara ẹnì kejì, òun ló ni ẹ̀tọ́ náà. Ẹnì kejì gbọ́dọ̀ gbá idà yẹn dànù kí ó tó dá ìkọlù tirẹ̀ padà.

Ibí yìí ni mo ti ṣìnà. Ẹsẹ̀ mi yá, mo sì gbà pé ẹni tó ń lọ síwájú ló ń kọlù. Mo máa ń sáré bá alátakò pẹ̀lú apá kíká, ó sì di ìgbà tí mo bá dé tòsí kí n tó na idà. Alátakò tó gbọ́n á ti na apá tirẹ̀ kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀, iná méjèèjì á tàn, rẹfirí á sì fún un ní àmì, nítorí pé lójú òfin, ìmúrasílẹ̀ ni gbogbo eré tí mo sá yẹn. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́ mi jẹ, ṣùgbọ́n mo gbà tọkàntọkàn pé wọ́n rẹ́ mi jẹ, pàápàá nítorí pé ní ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn tí mo ti díje, èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú. N kò ní sọ pé irú ìwà bẹ́ẹ̀ kò sí, mo ti rí díẹ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo jókòó wo fídíò àwọn ìjà mi, apá mi tó ká ni mo rí nínú èyí tó pọ̀ jù.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 18, mo dé ìpele tí ẹni tó bá fìdí rẹmi ń lọ sílé, níbi tí a ti ń jà dé àmì 15. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, wáyà tó so idà mi mọ́ ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, rẹfirí sì fún mi ní káàdì yẹ́lò. Nígbà tí alátakò ní 14 tí èmi ní 13, a kọlu ara wa lẹ́ẹ̀kan náà, rẹfirí ní a jọ kọlù ni, kò sì fún ẹnikẹ́ni ní àmì. Mo ṣí ìbòjú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jiyàn. Àtakò tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ wà ní ìsọ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà pẹ̀lú wáyà tí kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá sì ti gba káàdì yẹ́lò, pupa ló kù fún un, àmì kan sì ni káàdì pupa ń fún alátakò. Bí ìjà náà ṣe parí ní 15 sí 13 nìyẹn, láìsí pé idà kan ara ẹnikẹ́ni fún àmì tó kẹ́yìn.

Olùkọ́ mi kò bá mi wí. Ó ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ rẹfirí ìpele àkọ́kọ́, kí n sì fi sáà kan dájọ́ fún àwọn ọmọdé. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo lọ. Lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ọjọ́ Àìkú, mo ń dúró ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, mo ń pariwo "Halte!" (ẹ dúró!), tí mo sì gbọ́dọ̀ fi ẹnu àti ọwọ́ ṣàlàyé ta ló kọlù, ta ló gbá idà dànù, ta ló dá a padà, nínú ohun tí kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọdébìnrin kan sáré síwájú pẹ̀lú apá kíká, mo sì fún ẹnì kejì ní àmì láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó yíjú wò mí. Mo mọ ojú náà, nítorí pé ojú tí èmi fi ń wo rẹfirí láti ọdún mẹ́fà ni.

Láti sáà tó tẹ̀ lé e ni mo ti ń borí nínú ìjà márùn-ún lára mẹ́fà ní púùlù, àwọn ìjà kúkurú tí a ń jà dé àmì 5 láàárín ìṣẹ́jú 3. Méjì tàbí mẹ́ta ni mo ń borí tẹ́lẹ̀. Ara mi kò le sí i, ọwọ́ mi kò sì yá sí i. Mo kàn ń na apá mi lásìkò tí rẹfirí lè rí i.

Ẹjọ́ rẹfirí kì í tán, kódà ní ibi tó ga jù lọ. Nínú àṣekágbá Òlíńpíìkì Paris ní 2024, Cheung Ka Long ti Hong Kong àti Filippo Macchi ti Ítálì wà ní 14 sí 14; wọ́n wo fídíò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí wọ́n tó fún Cheung ní àmì tó mú góòlù ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀ wá. Àjọ fẹ́ńsìn Ítálì fẹ̀hónú hàn, ṣùgbọ́n Macchi fúnra rẹ̀ sọ ní gbangba pé ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún ìpinnu rẹfirí. Mo fẹ́ kí ọmọ yín wo ìjà yẹn, kí ó sì gbìyànjú láti dá ẹjọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní ti épée, eré tó dára ni. Gbogbo ara ni àmì wà, bí ẹni méjì bá sì kan ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì ló ń gba àmì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé apá kíká ló ń dà á láàmú bíi tèmi, ọwọ́ rẹ̀ tó wà ní gbangba ni wọn yóò máa gún ní épée, kò sì ní rí rẹfirí kankan dá lẹ́bi. Inú mi kò ní dùn kí ó gbé àṣìṣe kan láti inú idà kan lọ sínú òmíràn.

Ẹ tún bèèrè nípa owó àti ẹ̀kọ́. Owó ń lọ, ní pàtàkì sórí irin idà tó ń ṣẹ́ àti ọkọ̀ tó ń gbéni lọ síbi ìdíje, tèmi kò sì padà wọlé rí. Ní ti ẹ̀kọ́, ẹ má bẹ̀rù: Lee Kiefer ti Amẹ́ríkà, tó gba góòlù fọ́ìlì ní Tokyo àti ní Paris, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni nígbà tó gbà wọ́n. Orúnkún ẹsẹ̀ tó ń wà níwájú ni kí ẹ máa ṣọ́. Tèmi ló jẹ́ kí n dáwọ́ dúró.

Nítorí náà, mà, ẹ ní kí ó mú fídíò ìjà mẹ́wàá tó pàdánù, kí ó sì máa dá a dúró níbi tí iná bá ti tàn, kí ó wo apá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ pé òun fẹ́ dájọ́ fún àwọn ọmọdé fún sáà kan. Bí sáà náà bá parí tí ó ṣì ń bèèrè épée, ẹ rà á fún un tayọ̀tayọ̀. Títí dìgbà náà, ẹ máa yẹ àpò rẹ̀ wò kí ẹ tó kúrò nílé, kí wáyà méjì tó ń ṣiṣẹ́ wà nínú rẹ̀.