Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà SFF tó ní 8GB yẹn ni kí ẹ rà fún àbúrò yín

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Hamburg, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú òtútù. Ẹ má bínú pé mi ò tètè dá yín lóhùn. Wọ́n mú iná lọ ní Ifẹ̀ níbí, wọn ò sì dá a padà bọ̀rọ̀.

Ẹ ní àbúrò yín tó ń ya àwòrán ilé, tó sì ń tẹ̀wé fún àwọn ọmọ OAU, ti rí kọ̀ǹpútà HP EliteDesk 800 G4 tòkunbọ̀ méjì. Owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ọkàn (processor) tí wọ́n ń pè ní i5 ló sì wà nínú méjèèjì. Ọ̀kan ni Mini, èyí tí ò ju ìwé atúmọ̀ èdè lọ, 16GB RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) ló wà nínú rẹ̀. Èkejì ni SFF, ó tóbi díẹ̀, 8GB ló ní. Àbúrò ti fẹ́ lọ sanwó Mini nítorí pé 16 ju 8 lọ. Ẹ sọ fún un kó dúró ná.

Iye tó wà nínú ẹ̀rọ lónìí kọ́ ni kí ẹ máa wò, iye tó lè gbà ni. SFF yẹn ní ihò RAM mẹ́rin, RAM gígùn ni wọ́n ń ki bọ̀ ọ́, 64GB sì ni HP kọ sílẹ̀ pé ó lè gbé. Ihò méjì péré ni Mini ní, RAM kúkúrú bíi ti láptọ́ọ̀pù ló ń lò, 32GB ni wọ́n sì kọ sí tiẹ̀. Tí 16GB inú Mini bá jẹ́ 8 méjì, ó ti kún nìyẹn. Ọjọ́ tó bá fẹ́ fi kún un, àfi kó yọ èyí tó ti fowó rà dànù. Tí 8GB inú SFF bá sì jẹ́ ẹyọ kan, ẹ fi 8 mìíràn tì í, ó ti bá Mini dọ́gba, ihò méjì ṣì ṣófo. Ó dà bí ilé yàrá méjì tó ti kún, àti ilé yàrá mẹ́rin tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé e.

SFF tún láyè fún háàdì ńlá (ibi tí ẹ̀rọ ń kó fáìlì pamọ́ sí), ó sì ní ojú tí wọ́n ń ki káàdì àwòrán bọ̀. Àmọ́ káàdì kúkúrú tí wọ́n ń pè ní low-profile nìkan ló ń wọ̀ ọ́ o. Mo ti rí ẹni tó ra èyí tó ga, ìdérí ò pa dé mọ́.

Kó dá a lójú kó tó sanwó. Kó pè yín lórí fídíò látinú ṣọ́ọ̀bù, kó tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kó wọ Performance, kó tẹ Memory. Ẹ máa rí «Slots used» níbẹ̀, ìyẹn iye ihò RAM tó ti kún. Ìdérí SFF ò nílò skrúdíráfà, ẹ ní kó ṣí i kó ka ihò náà lójú yín. Tí wọ́n bá ní «memory rẹ̀ 500», háàdì ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe RAM. Kó tún pa á, kó tàn án, kó máa tẹ F10 láti wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ẹ̀rọ (BIOS). Tó bá béèrè password tí olùtajà ò mọ̀, kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ lò ó ló tì í pa.

Tí wọ́n bá sì fi G3, èyí tó jáde ṣáájú G4, tó ní RAM rẹpẹtẹ lọ̀ ọ́, kó má gbà. Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, i5 inú G3 ò sì sí lára àwọn tí Microsoft gbà fún Windows 11. Ti G4 wà níbẹ̀.

Ní ti RAM tí ẹ máa fi kún un, ẹ lè rà á lọ́dọ̀ yín, kí ẹ fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé. Kò ju pákò lọ. Ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa: PC4-2666V tí U tẹ̀ lé ni tiyín. S jẹ́ ti láptọ́ọ̀pù àti Mini. R jẹ́ ti sáfà (server), kò ní ṣiṣẹ́ níbí láéláé. Ẹ fi ọ̀rá rẹ̀ tó bá a wá dì í, ẹ má fi nylon lásán dì í.

Ohun kan ṣoṣo ló lè mú mi yí ohùn padà. Mini kì í jẹ iná púpọ̀. Àwọn tó ní i5-8500T, wáàtì 35 ni wọ́n kọ sí ọkàn rẹ̀, i5-8500 inú SFF sì jẹ́ 65. Ẹni tó ń fi ínfátà kékeré ṣiṣẹ́ á mọ̀ ọ́n lára, pàápàá bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá tún wà lórí rẹ̀. Ẹ bi àbúrò bóyá ínfátà ló ń lò àbí jẹnẹrétọ̀, àti bí bátìrì rẹ̀ ṣe tó, kí ẹ wá sọ fún mi.