Akọni kan kò lè dá ikọ̀ gbé dé Òlíńpíìkì: bí wọ́n ṣe ń ka máàkì jímínásíìkì ọkùnrin

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Rhys McClenaghan ọmọ Áyálándì gba góòlù àgbáyé lórí pommel horse (ohun èlò bí ẹṣin tó ní ìdìmú méjì lórí) ní 2022 àti 2023, ó tún gba ti Òlíńpíìkì ní Paris ní 2024. Síbẹ̀ Áyálándì kò ní ikọ̀ ọkùnrin níbẹ̀, àwọn tí kò ní irú rẹ̀ sì ní. Kí ló fà á? Báwo sì ni kóòṣì ṣe ń yan ènìyàn márùn-ún?

Ìdáhùn: Máàkì ẹni kẹta ló ń gbé ikọ̀ wọlé, kì í ṣe ti ẹni àkọ́kọ́. Ní ìpele ìpegedé, ènìyàn márùn-ún ló wà nínú ikọ̀. Mẹ́rin ló ń ṣeré lórí ohun èlò kọ̀ọ̀kan, máàkì mẹ́ta tó ga jù ni wọ́n sì ń kà. Ohun èlò mẹ́fà ló wà: eré orí ilẹ̀, pommel horse, òrùka, vault (fífò kọjá lórí tábìlì), ọ̀pá méjì tó jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àti ọ̀pá gíga. Máàkì 18 ni wọ́n ń rò pọ̀.

Ká ní ikọ̀ kan gba 13.6, 13.4 àti 13.3 lórí pommel horse, 40.3 nìyẹn. Ikọ̀ kejì ní akọni tó gba 15.4, àmọ́ àwọn tó tẹ̀lé e gba 12.1 àti 11.6, 39.1 péré. Akọni yìí fi 1.8 ju ẹni tó mọ̀ ọ́n jù nínú ikọ̀ àkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ ikọ̀ rẹ̀ fi 1.2 rẹ̀yìn.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú pommel horse, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ikọ̀ ti ń pàdánù. Ọwọ́ nìkan ló ń gbé eléré dúró, ẹsẹ̀ ń yí láìdúró, bí ẹsẹ̀ bá sì kan ohun èlò náà díẹ̀, gbogbo ìlù ara dàrú. Apá méjì ni wọ́n ń rò pọ̀ di máàkì eléré: máàkì ìṣòro, ìyẹn bí àrà tó dá ṣe le tó, àti máàkì bó ṣe dá a dáadáa sí, tó bẹ̀rẹ̀ láti 10. Inú 10 yìí ni àwọn adájọ́ ti ń yọ máàkì àṣìṣe: kékeré 0.1, èyí tó tóbi díẹ̀ 0.3, ńlá 0.5. Ìṣubú ń yọ odindi 1, iye kan náà pẹ̀lú àṣìṣe kékeré mẹ́wàá. Bí ẹni náà kò bá tíì parí àrà tó ń dá kó tó ṣubú, wọn kò ní ka àrà náà mọ́ máàkì ìṣòro rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹyọ ìṣubú kan lórí ohun èlò kan kò tíì ba nǹkan jẹ́, torí máàkì kẹrin ni wọ́n máa jù nù. Ẹni méjì bá ṣubú lórí ohun èlò kan náà, ọ̀kan nínú wọn ti wọ inú ìṣirò nìyẹn.

Fún Paris, àyè ikọ̀ 12 ló wà. Ṣáínà, Jàpáànù àti Bìrìtéènì, tí wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ ní ìdíje àgbáyé Liverpool ní 2022, ló kọ́kọ́ gba tiwọn. Ítálì ṣe ipò kẹrin, ó padà sílé lọ́wọ́ òfo, ó sì tún wá du àyè mẹ́sàn-án tó kù ní ìdíje àgbáyé Antwerp lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ó rí i gbà níbẹ̀, pẹ̀lú Amẹ́ríkà, Kánádà, Jámánì, Spéènì, Switzerland, Tọ́kì, Netherlands àti Yukréènì. Ìpele ìpegedé ni wọ́n fi pín in, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ṣeré níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè ló ni àyè náà. Ẹni tó bá wọn gbà á wá lè má sí nínú ikọ̀ tó lọ.

Ní ti yíyan ènìyàn, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí kóòṣì kó àwọn márùn-ún tí àpapọ̀ máàkì wọn lórí ohun èlò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ga jù. Bí gbogbo wọn bá mọ eré orí ilẹ̀ àti vault dáadáa, máàkì kẹrin àti ìkarùn-ún ṣòfò, ihò orí pommel horse sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Kó lo àròpín ìdíje bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, kó má sì yọ ti ọjọ́ tí eléré ṣubú kúrò. Kó wá to gbogbo ikọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tó ṣeé tò, kó ro máàkì mẹ́ta tó ga jù lórí ohun èlò kọ̀ọ̀kan pọ̀. Nínú eléré mẹ́wàá, ikọ̀ 252 ló ṣeé tò, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì ni.

Ẹni tó mọ ohun èlò kan ṣoṣo ńkọ́? Bí ó bá ṣe pommel horse nìkan, àwọn mẹ́rin tó kù gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo ohun èlò márùn-ún yòókù, mẹ́ta nínú wọn á tún ṣe pommel horse: ìṣeré 23 nínú 24 tí wọ́n lè ṣe. Ẹnì kan bá farapa, kò sí máàkì tó ṣeé jù nù mọ́ níbi tí kò bá ti ṣeré. Amẹ́ríkà gbà bẹ́ẹ̀ mú Stephen Nedoroscik lọ sí Paris, wọ́n sì gba idẹ. Mo fara mọ́ irú yíyàn bẹ́ẹ̀ bí àwọn mẹ́rin yòókù bá dá ṣáká lórí ohun gbogbo.

Ní àṣekágbá, mẹ́ta ló ń ṣeré, mẹ́ta náà ni wọ́n ń kà. Ní Paris, Su Weide ti Ṣáínà ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀pá gíga. Jàpáànù fi 259.594 borí 259.062 ti Ṣáínà.

Áyálándì kò ní ẹni kejì àti ẹni kẹta tó lè bá McClenaghan gbé e lórí ohun èlò mẹ́fà. Àmọ́ orílẹ̀-èdè tí kò ní ikọ̀ lè fi ọ̀nà ẹnì kọ̀ọ̀kan wọlé, nípasẹ̀ ìdíje àgbáyé, ti kọ́ńtínẹ́ǹtì tàbí World Cup jímínásíìkì. Ọ̀nà ẹnì kọ̀ọ̀kan ni Carlos Yulo ti Philippines náà gbà, ó sì gba góòlù méjì ní Paris, lórí ilẹ̀ àti lórí vault.