Ṣé kí n mú àwọn ìbejì lọ wo fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì Fairford?

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Swindon ni a ń gbé, mo sì fẹ́ mú àwọn ìbejì mi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 9, lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì St Mary's ní Fairford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, nígbà ìsinmi, nítorí àwọn fèrèsé rẹ̀ tí wọ́n fi gíláàsì aláwọ̀ ya ìtàn Bíbélì sí. Ṣọ́ọ̀ṣì tiwa kò ní àwòrán kankan, Táíwò kì í sì í dúró jẹ́ẹ́ níbi tí kò bá ti rí nǹkan ṣe. Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ ń bẹ̀rù àwòrán ẹ̀mí àìmọ́, mo sì gbọ́ pé wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Báwo ni kí n ṣe é?
Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Ìyá Ìbejì. Ẹ mú wọn lọ, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ọjọ́ tí oòrùn ràn. Ọjọ́ òjò ni èmi kọ́kọ́ kó àwọn tèmi lọ, ilẹ̀ sì ti ń ṣú kí a tó débẹ̀. Òjé tó so àwọn gíláàsì náà pọ̀ nìkan ni a rí, ó dà bí àwọ̀n dúdú, ìráhùn ni mo sì ń gbọ́ títí a fi délé.

Fèrèsé 28 ni wọ́n, wọ́n sì ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1500 sí 1517. John Tame, oníṣòwò irun àgùtàn, ló bẹ̀rẹ̀ àtúnkọ́ ilé náà, Edmund ọmọ rẹ̀ ló sì parí rẹ̀ lẹ́yìn tó kú ní 1500. Ẹ má tíì sọ èyí fún àwọn ọmọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá àríwá, níbi tí Éfà wà pẹ̀lú ejò, kí ẹ sì jẹ́ kí Táíwò máa fi Yorùbá sọ ìtàn kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ṣàlàyé rẹ̀: Mósè níwájú igbó tí ń jó, Gídíónì àti irun àgùtàn (ẹ rántí òwò Tame), Ayaba Ṣébà níwájú Sólómónì. Nígbà tí mo sọ fún àwọn tèmi pé àwọn ará Ìjẹ̀bú gbà pé Òkè-Èrí ni ibojì ayaba yìí wà, pé òun náà ni Bilikisu Sungbo, a kò tètè kúrò níbẹ̀.

Ní ti àwòrán, kí ó má ṣe dà yín láàmú: èdè Látìn ni wọ́n fi ń ka Bíbélì nígbà náà, ọ̀pọ̀ ará ìlú kò sì gbọ́ ọ, fèrèsé ni ìwé wọn.

Fèrèsé ńlá ìwọ̀-oòrùn, tó fi Ìdájọ́ Ìkẹyìn hàn, ni ti Kẹ́hìndé, ọ̀sán ló sì dára jù láti wò ó. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wo apá òsì, níbi tí Pétérù ti ń gba àwọn ẹni ìgbàlà, kó tó yíjú sí iná pupa tó wà lápá ọ̀tún. Kí ẹ wá sọ fún un pé bí gíláàsì pupa bá pupa dénú, ìmọ́lẹ̀ kò ní lè là á kọjá, nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ayé ìgbà yẹn ṣe máa ń fi pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo gíláàsì funfun. Ọmọ tó bá ń wá ibi tí pupa náà ti fẹ́lẹ́ kì í rántí ẹ̀rù mọ́. Ìjì ọdún 1703 ba àwọn fèrèsé ìwọ̀-oòrùn jẹ́, wọ́n sì tún wọn ṣe lẹ́yìn náà.

Bí ó bá sú wọn, ẹ kó wọn jáde sí àgbàlá, níbi tí òkúta ìrántí Tiddles, ológbò ṣọ́ọ̀ṣì náà, wà. Òun nìkan ni àbíkẹ́yìn mi ṣì ń béèrè títí dòní.