Ilé amọ̀ àtijọ́: kí ẹ tó ná owó olóore

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ìlú wa kò jìnnà sí Oǹdó. Àwọn ọ̀dọ́ ti kó lọ sí Àkúrẹ́ àti Èkó, ilé àwọn baba wa sì ń wó. Ọmọ ìlú wa kan tí Ọlọ́run fún lówó fẹ́ tún mẹ́fà ṣe nínú wọn. A fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ọ̀kan lọ́dún tó kọjá, ó ti ń ṣí lára ògiri. Àwọn ẹbí kan tún ń sọ pé bó bá tún ilé ṣe tán, yóò sọ ọ́ di tirẹ̀. Kí ni ká ṣe? (Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àníyàn ìlú. Sìmẹ́ńtì yẹn ni kí ẹ yọ. Ògiri amọ̀ máa ń fa omi láti ilẹ̀, omi náà á sì máa gba ojú ògiri jáde díẹ̀díẹ̀. Tí sìmẹ́ńtì bá dí i, omi á há sẹ́yìn rẹ̀, amọ̀ á sì rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ ń wú lásìkò òjò, tó ń sún kì lọ́gbẹlẹ̀, sìmẹ́ńtì kò sì lè bá a wú. Wáyà tí àwọn bíríkìlà ń kàn mọ́ ògiri kí wọ́n tó rẹ́ ẹ kò sọ pé kí omi má há síbẹ̀.

Ẹ fi ìka kan ògiri. Ibi tó bá ń dún bí igbá òfìfo ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ṣísẹ́lì àti òòlù kékeré. Òòlù ńlá léwu, nítorí ògiri tó ti rọ̀ nísàlẹ̀ lè wó lu òṣìṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ yìí, kí ògiri lè rí ọ̀sẹ̀ mélòó kan gbẹ.

Òrùlé ló ṣáájú ṣá o. Ẹ pààrọ̀ páànù tó ti dípẹtà àti igi tí ikán ti jẹ. Kí etí òrùlé yọ síta tó 60 sẹ̀ńtímítà, kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ má baà máa já sí ẹsẹ̀ ògiri. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn yí ilé ká: lára ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, erùpẹ̀ ìta ti ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ. Ẹ gbẹ́ ẹ títí ìta yóò fi fi 15 sẹ̀ńtímítà rẹlẹ̀ sí inú, kí ẹ sì la gọ́tà tí yóò gbé omi jìnnà. Ẹ má da kọnkéré yí ẹsẹ̀ ilé ká. Ńṣe ló ń ti omi ilẹ̀ sínú ògiri.

Láti rẹ́ ẹ: garawa kan erùpẹ̀ pupa tó lẹ̀, méjì sí mẹ́ta yanrìn, ọ̀kan kóríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ pò ó, kó sùn tó ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ògiri níbi kékeré. Tó bá sán, yanrìn kò tó. Tó bá ń kù bí eruku mọ́ ọwọ́, erùpẹ̀ ni kò tó. Ẹ wọ́n omi sí ògiri kí ẹ tó rẹ́ ẹ, kí ti àkọ́kọ́ nípọn tó sẹ̀ńtímítà méjì, kó gbẹ, kí ẹ tó fi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e. Ọ̀dà olóróró kò yẹ ògiri amọ̀ rárá, àrùn kan náà ni pẹ̀lú sìmẹ́ńtì.

Ní ti ẹbí, ọmọ ẹbí ì báà ná mílíọ̀nù sí ilé ẹbí, kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di tirẹ̀. Ẹ fi í hàn nínú ìwé àdéhùn pé ẹ̀bùn ni àtúnṣe náà, pé olóore kò ní gba háyà, kò sì ní béèrè owó padà. Ìbuwọ́lùwé olórí ẹbí nìkan kò tó. Ìdí-igi kọ̀ọ̀kan (ìran ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí) ni kó yan aṣojú, títí kan àwọn tó wà l'Ékòó, kí yanrìn àkọ́kọ́ tó dé. (Bí ìjọba bá ti kéde ilé kan ní ohun ìtàn, bíi ààfin àtijọ́ Déjì ní Àkúrẹ́, ẹ gba àṣẹ àjọ tó ń mójú tó musíọ́ọ̀mù kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.)

Èyí tí àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé ni ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀. Páànù kan tó ṣí lórí ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni lè sọ gbogbo owó yẹn dòfo. Ẹ kọ orúkọ ẹni náà sínú ìwé kan náà, àti ẹni tí yóò máa gun òrùlé yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù Kejì ọdọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.