Láptọ́ọ̀pù Tòkunbọ̀ Tí Ó Ń Pa Iná Ṣájà

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí. Ní oṣù méjì sẹ́yìn ni mo ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ní Pánṣẹ́kẹ́, kí ọmọ mi obìnrin lè máa bá mi fi kọ orúkọ àwọn oníbàárà àti gbèsè tí ó wà lọ́rùn wọn. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọjọ́ Àìkú tó kọjá, nígbà tí iná lọ tí ó tún dé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan. Láti ìgbà náà, bí a tilẹ̀ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ títí ọwọ́ fi ń dùn wá, kò dá wa lóhùn. Ohun tó wá rú mi lójú ni pé iná kékeré tó wà lára ṣájà máa ń tàn bí a bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n bí ẹnu rẹ̀ bá ti wọ láptọ́ọ̀pù báyìí, iná náà yóò kú. Alátùn-únṣe kan ní bátìrì ló bàjẹ́, ó ní kí n mú ₦35,000 wá. Ṣé kí n san án?

Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìnáwó. Ẹ má tíì san owó yẹn, nítorí ohun kan wà nínú lẹ́tà yín tí ó jọ pé alátùn-únṣe náà kò fara balẹ̀ wò, òun sì ni iná ṣájà tí ó ń kú. Bí bátìrì bá kú lásán, ṣájà kì í bá a kú. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ni ó ń tàn lórí ṣájà nìkan, kódà bí a bá yọ bátìrì rẹ̀ sọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣájà tí iná rẹ̀ kú ní kété tí ó wọ inú láptọ́ọ̀pù ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn: ó ń sọ pé iná ti rí ọ̀nà àbùjá kan, tí ó ń gba ibẹ̀ sá padà láìṣe iṣẹ́ kankan, èyí tí àwọn alátùn-únṣe ń pè ní ṣọ́ọ̀tì, tí òun sì ti yára pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná.

Àmọ́ ṣájà tí ó ti rẹ̀ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí yóò máa tan iná rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹrù bá ti gùn ún, yóò wó. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yá ṣájà mìíràn lọ́wọ́ aládùúgbò. Ẹ yí tiyín dojú délẹ̀, kí ẹ ka ibi tí wọ́n kọ OUTPUT sí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí 19.5V àti 3.33A, èyí tí í ṣe ṣájà 65W. Nọ́ńbà tó ṣáájú V gbọ́dọ̀ bára mu. Èyí tó ṣáájú A lè ju tiyín lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín sí i. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo inú ẹnu ṣájà náà pẹ̀lú. Nínú ọ̀pọ̀ ṣájà HP àti Dell tí ẹnu wọn rí roboto, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan máa ń dúró láàárín, òun ni láptọ́ọ̀pù fi ń dá ṣájà mọ̀. Bí abẹ́rẹ́ náà bá ti tẹ̀, tàbí bí nǹkan dúdú bí èédú bá wà létí ihò tí ó ń wọ̀, ẹ ti rí ibi tí ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Bí ṣájà kejì náà bá kú, ẹ má dán ẹ̀kẹta wò.

Bátìrì ló kàn. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí a ń fi ìka tì yọ lábẹ́, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ìyókù iná inú rẹ̀ lè tán. Ẹ yọ ṣájà kúrò lára ògiri fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó lè jí, kí ẹ tó wá kì í bọ láptọ́ọ̀pù láìsí bátìrì. Bí iná bá dúró tí láptọ́ọ̀pù sì tàn, a jẹ́ pé inú bátìrì gan-an ni ṣọ́ọ̀tì wà, alátùn-únṣe yín ló jàre, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́. Bí bátìrì bá wà nínú, tí ó jẹ́ pé a ní láti tú ìdí láptọ́ọ̀pù kí a tó rí i, kí ó tú u lójú yín. Bí ìdí rẹ̀ bá sì ti wú, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má sì fi ṣájà sí i mọ́ rárá, nítorí bátìrì tí ó wú lè gbiná.

Bí iná ṣájà bá ṣì ń kú láìsí bátìrì, ó ku ihò ṣájà àti bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ńlá inú láptọ́ọ̀pù tí àwọn ẹ̀yà yòókù so mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, wáyà kúkúrú kan ló so ihò náà mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹ ní kí alátùn-únṣe fa wáyà yìí yọ kúrò lára bọ́ọ̀dù, kí ó wá ki ṣájà bọ ihò. Bí iná bá tún kú, ihò ló bàjẹ́, kì í sì í wọ́n. Bí iná bá dúró, inú bọ́ọ̀dù ni àrùn wà, ẹni tó mọ mítà ìdánwò iná í lò yóò sì wá èyí tó jóná nínú àwọn ẹ̀yà wínníwínní tí iná ń gbà wọlé, yóò pààrọ̀ rẹ̀ láìra odindi bọ́ọ̀dù. Èmi náà ti fi ìwàǹwára ra bátìrì rí. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi títí di òní, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti àkọsílẹ̀ gbèsè yín, ẹ fọkàn balẹ̀, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí irú àìsàn yìí dé ibi tí ó wà. Wọ́n lè yọ dísìkì rẹ̀, kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí wọ́n sì da ohun inú rẹ̀ kọ. Lọ́jọ́ mìíràn tí iná bá ń lọ tí ó ń bọ̀, ẹ yọ ṣájà títí yóò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀: 100 sí 240V ni wọ́n máa ń kọ sí ibi INPUT, iná tí ó fi agbára dé sì lè kọjá bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

Tèmi ń tan iná, fáànù rẹ̀ sì ń yí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Ṣé àrùn kan náà ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ọbáńtókò

ÌDÁHÙN

Rárá o. Láptọ́ọ̀pù tìrẹ ń rí iná gbà. Tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ nínú òkùnkùn. Bí o bá rí àwòrán fírífírí, iná ẹ̀yìn ojú náà ló kú. Bí o kò bá rí nǹkan, fi wáyà HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí àwòrán bá jáde níbẹ̀, ojú rẹ̀ tàbí wáyà tó so ó pọ̀ ni kí wọ́n tún ṣe. Bí kò bá jáde, pa á, yọ ṣájà àti bátìrì, yọ ráàmù, ìyẹn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó jẹ́ iyè ìrántí rẹ̀, fi ìrésà tó mọ́ nu eyín rẹ̀ aláwọ̀ wúrà, kí o sì tì í padà títí yóò fi dún pọ́.