Èsì: Rọ́kẹ́ẹ̀tì Rọ́síà àti Ukréìn lẹ́yìn 1991

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè ìdí tí Rọ́síà àti Ukréìn ṣì fi jọ ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí Ìṣọ̀kan Sófìẹ́tì túká ní 1991. Ìdí ni pé ọ̀kan kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe láìsí èkejì. Ẹ wo rọ́kẹ́ẹ̀tì Zenit, tó fò kẹ́yìn ní 2017: nígbà náà, ilé-iṣẹ́ Yuzhmash ní ìlú Dnipro, Ukréìn, ló máa ń ṣe ara rọ́kẹ́ẹ̀tì náà, Rọ́síà ló máa ń ṣe ẹ́ńjìnnì RD-171 tó ń tì í gbéra, ibùdó Baikonur ní Kàsàkstán ni wọ́n ti máa ń yìn ín.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì Dnepr, tí àwọn méjèèjì náà jọ ṣe, ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Mísáìlì ogun R-36M ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n bọ́ bọ́ǹbù átọ́míìkì kúrò lórí rẹ̀, wọ́n gbé sátẹ́láìtì sí i. Òun náà ló gbé NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X tiwa lọ sókè láti Yasny, Rọ́síà, ní oṣù kẹjọ 2011! Ó dùn mí pé 2015 ló fò kẹ́yìn, ọdún kan lẹ́yìn tí Rọ́síà gba Crimea lọ́wọ́ Ukréìn.