Ta ló ní kó o fọwọ́ sí i pé ìwọ lo wá wọn wá?

“Ẹ̀gbọ́n mi, Dublin ni mò ń gbé, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bùrọ̀dá kan nínú ìjọ wa fi mí sí gúrúùpù WhatsApp kan tí ilé-iṣẹ́ crypto kan ti ń bá èèyàn fi owó ṣòwò. Mo ti fi 3,500 yúrò sí i, ó ti di 5,120 nínú áàpù wọn. Mo fẹ́ yá 9,000 sí i ní credit union. Wọ́n ní àwọn ní ìwé àṣẹ Yúróòpù, wọ́n sì fi sáàtífíkéètì ránṣẹ́, mo ti fi í mọ́ lẹ́tà yìí. Nígbà tí mo ń forúkọ sílẹ̀, mo kàn tẹ ibì kan tó ní èmi fúnra mi ni mo wá wọn wá, pé ẹnikẹ́ni ò polówó fún mi. Gbogbo wa la tẹ̀ ẹ́. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ìwé àṣẹ wọn jẹ́ ojúlówó? Àbúrò mi ní London náà fẹ́ wọlé. Ẹ tètè dá mi lóhùn, ọjọ́ Ẹtì ni àǹfààní yìí máa parí.”

“Mo kàn tẹ ibì kan.” Ibẹ̀ ni mo ti gbé lẹ́tà rẹ kalẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó o kọ, èyí tó o sáré fò kọjá yìí ló dẹ́rù bà mí jù.

Bùrọ̀dá ló fi ọ́ sí gúrúùpù. O ò gbọ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ yẹn rí kó tó di ọjọ́ náà. Síbẹ̀ o fọwọ́ ara rẹ jẹ́rìí pé ìwọ lo dìde tó o wá wọn lọ, pé kò sẹ́ni tó pè ọ́. Irọ́ ni, ìwọ náà sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ta ni irọ́ náà ṣe láǹfààní?

Òfin kan wà tó ń jẹ́ MiCA, òfin 2023/1114 ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá 2024 ló ti de àwọn tó ń bá èèyàn ra crypto, tí wọ́n ń bá èèyàn tà á, tàbí tí wọ́n ń bá èèyàn tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí fún ará Yúróòpù gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Àyè kan ṣoṣo ni òfin yìí fi sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ òkèèrè tí kò gbà á, abala 61 ló sì wà: bí oníbàárà bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ kan ilẹ̀kùn wọn, láìsí ẹni tó ké sí i, wọ́n lè dá a lóhùn. Ṣé o ti rí i báyìí? Ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ lè dúró sí gbangba kó máa kígbe ọjà rẹ̀, ẹ̀rí ẹnu rẹ ò wúlò fún un. Ẹni tí kò ní in ló nílò kó o bá òun pa irọ́ yẹn. Kódà bí wọ́n bá ní ẹ̀ka kan tó láṣẹ ní Yúróòpù lóòótọ́, ohun tó o tẹ̀ yẹn ló ń gbé orúkọ rẹ lọ sí ẹ̀ka tó wà lókèèrè, níbi tí òfin ò ti ní bá ọ dé. Àbúrò mi, wọ́n ti dá ọ lóhùn kó o tó kọ̀wé sí mi.

Lẹ́tà irú èyí kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Ẹni tó múni wọlé máa ń jẹ́ ẹni wa: ará ìjọ, ará ìlú, ẹni tó dúró tì wá níbi ìkómọ. Lọ́dún 1993, ìyá mi kó owó aṣọ tó ń tà fún ilé-iṣẹ́ fínáǹsì kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú un lọ. Ìwé tí wọ́n fún un ní òǹtẹ̀ mẹ́ta, pupa méjì, búlúù kan. Inú agolo bisikíìtì ló tọ́jú rẹ̀ sí. Nígbà tá a padà lọ, àgádágodo ńlá la bá lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ọjọ́ tá a ṣí agolo náà lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìwé ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ rẹ̀ ò tíì ṣá. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ ìyá mi rí pé ta ló ni òǹtẹ̀ yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá ọ wí báyìí.

Mo wo sáàtífíkéètì tó o fi ránṣẹ́. Àsíá búlúù, ìràwọ̀ méjìlá, “ESMA ló fún ilé-iṣẹ́ yìí láṣẹ.” ESMA, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò ní Yúróòpù, tó wà ní Paris, kì í fún ilé-iṣẹ́ tó ń bá èèyàn ṣòwò crypto ní ìwé àṣẹ. Aláṣẹ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń fún wọn: BaFin ní Jámánì, AMF ní Faransé, AFM ní Netherlands, báńkì àpapọ̀ Ireland níbi tó o wà. Ẹni tó ya bébà yẹn ò tilẹ̀ mọ ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá sì tún fi ìwé CAC láti Nàìjíríà hàn ọ́, ìyẹn kàn sọ pé wọ́n forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Oníbúrẹ́dì náà ní ìwé CAC.

Iṣẹ́ ESMA ni láti kó orúkọ gbogbo àwọn tó gba àṣẹ jọ, kí ojú gbogbo ayé lè rí i. Fi ọwọ́ ara rẹ tẹ esma.europa.eu, má ṣe gba orí líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ. Wá ìwé orúkọ MiCA níbẹ̀. Fáìlì márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rí ọ̀pọ̀ èèyàn mú. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn tó fi white paper sílẹ̀, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń ṣàlàyé crypto tí wọ́n fẹ́ tà. Ilé-iṣẹ́ á tọ́ka sí orúkọ rẹ̀ nínú èyí, á ní “ẹ wò ó, a wà níbẹ̀.” White paper kì í ṣe ìwé àṣẹ. Òfin fúnra rẹ̀ ló pa á láṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ pé aláṣẹ kankan ò fọwọ́ sí i. Fáìlì CASP, ti àwọn tó gbàṣẹ láti bá èèyàn ṣiṣẹ́ crypto, ni kó o ṣí, lẹ́yìn náà kó o ṣí ti àwọn tí aláṣẹ ti kéde pé wọ́n ń rú òfin.

Bó o bá rí orúkọ wọn nínú CASP, má tíì yọ̀. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń yá orúkọ ilé-iṣẹ́ tó láṣẹ wọ̀. Ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà lórí fóònù rẹ, kó o kà á ní lẹ́tà-lẹ́tà. Lẹ́tà kan tó lé, ilà kékeré kan láàárín ọ̀rọ̀ méjì, ẹlòmíràn ni. Wo àwọn iṣẹ́ tí wọ́n gbàṣẹ fún pẹ̀lú. Iṣẹ́ mẹ́wàá ni òfin náà kà sílẹ̀, ẹni tí wọ́n sì fún láṣẹ láti tọ́jú crypto fún èèyàn ò tíì gba àṣẹ láti máa fi owó rẹ ṣòwò bó ṣe wù ú. Wo ọjọ́ tí wọ́n fún un, wò ó bóyá wọ́n ti gbà á padà. Bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ àwọn ṣì wà nílẹ̀, pé àwọn ń dúró de àṣẹ, bi wọ́n pé orílẹ̀-èdè wo? Ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2026 ni gbèdéke tó pẹ́ jù fún àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ kí òfin tó dé láti gba àṣẹ, àwọn orílẹ̀-èdè kan sì gé tiwọn kúrú: oṣù mẹ́fà péré ni Netherlands fún wọn.

Ti àbúrò rẹ ní London, òfin yìí ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. FCA, aláṣẹ ọ̀rọ̀ ìṣúnná owó ní Gẹ̀ẹ́sì, ni kó lọ bi, kó tó yọ kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ 9,000 yìí, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Owó tó wà ní credit union, ètò ìdáàbòbò owó ìfipamọ́ Ireland ń dáàbò bò ó dé 100,000 yúrò. Kò sí irú ẹ̀ fún crypto, kódà lọ́dọ̀ ẹni tí ìwé àṣẹ rẹ̀ pé. O fẹ́ lọ jẹ gbèsè níbi tí owó ti ní ààbò, kó o gbé e lọ síbi tí kò ní, nítorí pé ẹnì kan ní ọjọ́ Ẹtì ni ilẹ̀kùn máa tì. Òru mélòó lo fi ṣiṣẹ́ kó o tó rí 3,500 yẹn?

Àti 5,120 yẹn, nọ́ńbà tí ẹnì kan tẹ̀ sórí fóònù rẹ ni títí yóò fi wọ báńkì rẹ. Lónìí, sọ fún wọn pé o fẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó o kọ́kọ́ san owó orí, tàbí owó ìtúsílẹ̀, má san ohunkóhun. Pe báńkì tó o fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà kó o lọ bá Garda, ọlọ́pàá Ireland. Ẹlòmíràn máa pè ọ́ lẹ́yìn ìyẹn pé òun lè bá ọ gba owó rẹ padà bó o bá san díẹ̀. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Kí o tó ṣe gbogbo ìyẹn, ya fọ́tò ojú fóònù rẹ níbi tí Bùrọ̀dá ti fi ọ́ sí gúrúùpù, tọjọ́ taago, àti gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ọ sọ. Òfin sọ pé bí wọ́n bá polówó fún ọ, ohun tí wọ́n ní kó o tẹ̀ ò lè wẹ̀ wọ́n mọ́. Ẹ̀rí rẹ nìyẹn, wọ́n sì lè pa á rẹ́ nígbàkigbà.

“Gbogbo wa la tẹ̀ ẹ́,” lo wí. Mélòó ni gbogbo yín? Pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́ òní kó o tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Bi ẹnì kọ̀ọ̀kan pé ta ló pè é wá.